Fallujah, Oṣù Kẹrin Ọdún 2003: Ilé-Ẹ̀kọ́, Òrùlé àti Owó Ẹ̀jẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2003, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe ibùdó ní ìlú Fallujah, ní orílẹ̀-èdè Ìráàkì, yìnbọn sí àwọn ará ìlú tí wọ́n wọ́de wá síwájú ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ará ìlú àti ilé-ìwòsàn wọn sọ pé ènìyàn 17 ló kú, àti pé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ju 70 lọ. Àwọn ológun ní àwọn kan láàárín èrò náà àti lórí òrùlé àwọn ilé tó yí ibẹ̀ ká ló kọ́kọ́ yìnbọn sí àwọn. Àwọn tó wọ́de ní àwọn kò mú ìbọn dání. Àjọ Human Rights Watch, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó sì rán àwọn olùṣèwádìí lọ síbẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà náà, kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé ohun tí àwọn rí lára ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ti ọ̀rọ̀ àwọn ológun lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọta ìbọn pọ̀ lára àwọn ilé tó wà ní òdìkejì títì.

N kò kọ àkọsílẹ̀ yìí láti dá ẹjọ́ ẹni tó kọ́kọ́ fa ohun ìjà. Ohun tó jẹ mí lógún ni ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú alẹ́ náà àti àwọn oṣù tó tẹ̀lé e, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí bí àwọn ènìyàn tí kò tíì bára wọn jà rárá ṣe di ọ̀tá ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé àìgbọ́ èdè Lárúbáwá ló fa wàhálà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Ìráàkì. Òtítọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó láti ṣàlàyé Fallujah. Àwọn ológun ní àwọn fi gbohùngbohùn kìlọ̀ fún èrò náà ní èdè Lárúbáwá. Àwọn ará ìlú náà sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ketekete: ẹ jáde nínú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ dé etí tọ̀túntòsì. Ohun tí kò sí ni ìmọ̀ nípa ohun tí ìṣe ẹnì kìíní jẹ́ lójú ẹnì kejì, àti ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀.

Fallujah wà lẹ́bàá odò Yúfírétì, ní nǹkan bí 65 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Baghdad, olú-ìlú Ìráàkì. Ìlú àwọn Mùsùlùmí Súnì ni, mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé ìlú mọ́ṣáláṣí ni àwọn ará Ìráàkì máa ń pè é. Àwọn ìdílé ńláńlá tí wọ́n mọ orírun ara wọn ló so ìlú náà ró, ọ̀rọ̀ àwọn ìmáàmù àti àwọn olórí ìdílé sì máa ń múlẹ̀ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú náà ló ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti ilé-iṣẹ́ ààbò Saddam Hussein, ààrẹ Ìráàkì tí Amẹ́ríkà gbé ogun wá lé kúrò lórí àga. Síbẹ̀, nígbà tí Baghdad ṣubú sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, tí àwọn jàǹdùkú ń kó ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ilé-ìwòsàn ní ìlú mìíràn, Fallujah kò rí irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìmáàmù àti àwọn olórí ìdílé ti pàdé, wọ́n ti yan ẹni tí yóò máa ṣe àkóso ìlú, wọ́n sì ti fi àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ àwọn ilé tó ṣe pàtàkì. Ẹni tí wọ́n yàn náà kò kórìíra Amẹ́ríkà. Ó ṣetán láti bá wọn ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà ni ẹ̀ka kan lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà kejìlélọ́gọ́rin, àwọn tó máa ń fò láti inú bàálù, wọ ìlú náà. Lójú àwọn ológun, ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Saddam sá pamọ́ sí ni wọ́n wọ̀ yẹn, iṣẹ́ wọn sì ni láti jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i pé àwọn ti dé. Lójú àwọn ará ìlú, wọ́n ti tún ilé wọn ṣe tán kí àlejò tó wọlé, àlejò náà kò sì kan ilẹ̀kùn. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ń sọ nígbà náà pé olùdáǹdè ni àwọn, pé àwọn kò wá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ó di ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún kí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó fi ìpinnu 1483 sọ ọ́ ní kedere pé Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó ni ó gba àkóso ilẹ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo ojúṣe tí òfin àgbáyé gbé lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Olùdáǹdè máa ń retí ìdúpẹ́. Bí kò bá rí i, ó rọrùn fún un láti rò pé ọ̀tá ni ẹni tí kò dúpẹ́.

Ìlú náà kò sì gbàgbé nǹkan. Ní ọdún 1920, nígbà tí Bìrìtìkó ń ṣe àkóso Ìráàkì, ẹ̀bá Fallujah ni wọ́n ti pa ọ̀gágun Gerard Leachman, ikú rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rántí ọ̀tẹ̀ ọdún náà títí di òní. Ní oṣù Kejì ọdún 1991, ọkọ̀ òfurufú Bìrìtìkó kan fẹ́ ju bọ́ǹbù sí afárá kan níbẹ̀, bọ́ǹbù náà sì balẹ̀ sí àárín ọjà, ó pa ọ̀pọ̀ ará ìlú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti di géńdé ní ọdún 2003. Fún ọmọ ogun ọmọ ogún ọdún tó ti Amẹ́ríkà wá, ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ wọ Fallujah ni ìtàn Fallujah bẹ̀rẹ̀.

Kò yẹ kí a sọ ti àwọn ará ìlú nìkan. Ogun gidi ni àwọn ọmọ ogun yìí ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, lẹ́bàá ìlú Najaf, ọkùnrin kan tó ń wa takisí fi bọ́ǹbù tó wà nínú ọkọ̀ náà pa ara rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin. Àwọn jagunjagun Saddam máa ń wọ aṣọ bí ará ìlú, wọ́n máa ń jáde láti inú ọkọ̀ akérò. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn bọ́ǹbù Najaf, ní agbègbè kan náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn sí ọkọ̀ kan tí kò dúró ní ibi àyẹ̀wò, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló sì wà nínú rẹ̀. Báyìí ni ẹ̀rù ṣe kọ́ ọmọ ogun pé kí ó tó mọ̀ bóyá ará ìlú ni ẹni tó ń bọ̀, ó lè ti pẹ́ jù. Ẹ̀kọ́ yẹn gba ẹ̀mí rẹ̀ là lójú ogun, ẹ̀kọ́ kan náà ni kò jẹ́ kí ó lè gbé láàárín ìlú.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ al-Qa'id. Ilé alájà ni, ó ga ju ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò náà lọ, ó ní ògiri tó yí i ká. Tí ènìyàn bá jẹ́ ológun, tó sì ń wá ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sùn sí láìséwu, tí wọn yóò sì máa ti ibẹ̀ wo títì, kò sí ibi tó dára ju irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìṣirò yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ sí ilé mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wà nílé láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, àkókò sì ti tó kí wọ́n padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Òbí tó ń kọjá, tó ń rí ìbọn ní ojú fèrèsé kíláàsì ọmọ rẹ̀, kò nílò ẹnikẹ́ni láti túmọ̀ ohun tó ń rí fún un.

Ti òrùlé ló burú jù, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ máa ń fò ó bí ẹni pé àròyé lásán ni. Ní Ìráàkì, òrùlé ilé kì í ṣe páànù tí òjò ń rọ̀ lé. Ó tẹ́jú, ó ní ògiri kékeré tó yí i ká, ara ilé ni. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń sá aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí ìborí nítorí pé àlejò kò lè rí wọn, ibẹ̀ sì ni odindi ìdílé máa ń sùn nígbà tí ooru bá mú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yìnkùlé tí àwọn obìnrin agboolé ti ń wẹ̀ ni ìbá súnmọ́ ọn jù. Láti orí ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ ogun ń fi awò wo òrùlé àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀, nítorí pé orí òrùlé ni ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn sí wọn yóò ti yìn ín. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ, bàbá àti ẹ̀gbọ́n rí ni àjèjì ọkùnrin tó fi awò sójú, tó sì kọ ojú sí ibi tí ìyàwó òun, ọmọ òun àti àbúrò òun wà, láti àárọ̀ di alẹ́.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń ràn. Awò kan wà tí àwọn ọmọ ogun máa ń so mọ́ àṣíborí wọn láti fi ríran lókùnkùn. Kíá ni ó ti di mímọ̀ káàkiri pé awò náà lè rí ara obìnrin láti inú aṣọ. Irọ́ ni, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wà lókùnkùn ni ó kàn ń sọ di púpọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ náà jókòó lórí òtítọ́ kan, èyíinì ni pé wọ́n ń wo àwọn obìnrin, ìdí nìyí tí kò fi ṣeé fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pa. Kò sí ohun tó rọrùn ju kí ọ̀gágun kan gbé awò náà lọ sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun alẹ́, kí ó sì gbé e fún ìmáàmù àti àwọn àgbà láti fi ojú ara wọn wò ó. Kí ènìyàn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo gbà pé ó tún kù síbì kan: ẹni tó yẹ kí ó la ojú àlejò náà ni ògbufọ̀, ògbufọ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn mìíràn lára wọn jẹ́ ọmọ Lárúbáwá tí wọ́n ti ń gbé lókè òkun tipẹ́, tí wọ́n gbọ́ èdè náà dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ìdílé wo ni ó ń bá ìdílé wo rìn ní Fallujah. Ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọ wà, ẹni tí yóò fà ọ́ létí kò sí.

Ó yẹ kí n rántí pé ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1943, nígbà ogun àgbáyé kejì, ilé-iṣẹ́ ogun wọn tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń rán lọ sí Ìráàkì, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe máa wo àwọn obìnrin níbẹ̀, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mọ́ṣáláṣí. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ìmọ̀ náà wà lórí ìwé, kò sí lórí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin jẹ́ ọjọ́ ìbí Saddam Hussein. Fún àwọn ológun, ọjọ́ yẹn nìkan ti tó àlàyé: àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bọ̀. Àwọn tó wọ́de ní ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn bá lọ, wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àkóso ìlú kí wọ́n tó forí lé ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì wà láàárín èrò kan náà. Nǹkan bí igba ènìyàn ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n ń kígbe, ilẹ̀ sì ti ṣú. Gbohùngbohùn lè sọ fún wọn ní èdè wọn pé kí wọ́n tú ká, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò kà á sí ìkọlù. Ní ìlú tí ará ilé kan ti máa ń lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ títí yóò fi jáde wá fèsì, ta ni yóò padà sílé nítorí ohùn tó ń ti inú ẹ̀rọ jáde? Wọ́n ń retí ẹnì kan tí yóò jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ogun ń retí pé kí ẹni tí kò ní ibi lọ́kàn kúrò níbẹ̀. Bí àkókò ti ń lọ, ẹni tó dúró ń rò pé òun ń fi sùúrù hàn, ẹni tó ń wò ó láti òkè ń rò pé ó ń múra ìjà.

Ìbọn yíyìn sókè tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní Ìráàkì, wọ́n máa ń yìnbọn sójú ọ̀run níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú, àti nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn bá borí. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ìbọn AK-47. Ẹni tó dàgbà síbẹ̀ lè fi etí mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbọn ayọ̀ àti ìbọn ìjà. Ẹni tó dé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, tó dùbúlẹ̀ lórí òrùlé lókùnkùn, kò lè mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ogun náà kò ní tajútajú tàbí ọta onírọ́bà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa ń tú èrò ká. Ìbọn tí wọ́n fi ń pa ènìyàn nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Àárín ìkìlọ̀ inú gbohùngbohùn àti ikú, kò sí ohun kan tí wọ́n lè fi sọ pé ó tó.

Ẹni tó bá ní ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wo Najaf, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, tí kò tíì pé oṣù kan ṣáájú. Ọ̀gágun Chris Hughes àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti ẹgbẹ́ kọkànlélọ́gọ́rùn-ún ń lọ bá àgbà àlùfáà Ali al-Sistani. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí Imam Ali, èyí tó jẹ́ ọ̀kan lára ibi mímọ́ jùlọ fún àwọn Mùsùlùmí Ṣíà. Èrò rí wọn, wọ́n rò pé mọ́ṣáláṣí ni wọ́n fẹ́ wọ̀, wọ́n sì dí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ariwo. Hughes kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ó wo ojú wọn. Ó pàṣẹ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi orúnkún kan kúnlẹ̀, kí wọ́n dojú ìbọn kọlẹ̀, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Ẹnikẹ́ni kò kú. Mo mọ̀ pé ọ̀sán ni, pé Najaf kì í ṣe Fallujah, àti pé àwọn Ṣíà tó wà níbẹ̀ ní ìdí láti yọ̀ pé Saddam lọ. Síbẹ̀, ohun tí ọkùnrin náà ṣe ṣe kókó: kò gbọ́ èdè wọn, ó sì dá wọn lóhùn, nítorí pé ó gbà pé ìbínú wọn ní ìdí kan tí òun kò tíì mọ̀. Ó tún gbà láti padà sẹ́yìn níṣojú gbogbo ènìyàn, èyí tó nira fún ológun ju kí ó tẹ̀ síwájú lọ.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, àwọn ará Fallujah tún wọ́de nítorí àwọn tó kú, ìbọn tún dún, ènìyàn mẹ́ta tún kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, àwọn kan ju àdó olóró àfọwọ́jù sínú ọgbà tí àwọn ọmọ ogun wà, méje lára wọn fara gbọgbẹ́. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Ààrẹ George W. Bush dúró lórí ọkọ̀ ojú omi ogun, ó sì kéde pé ìjà tó lágbára ní Ìráàkì ti parí.

Títí di ìgbà yẹn, mo gbà pé ọ̀nà ṣì wà láti tún un ṣe, àwọn ará ìlú náà sì mọ ọ̀nà ọ̀hún dunjú. Nínú àṣà àwọn ìdílé ilẹ̀ náà, bí ẹnì kan bá pa ẹnì kan, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú àṣìṣe, ìdílé ẹni tó pànìyàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbéra. Wọn yóò wá àwọn àgbà tí tọ̀túntòsì ń bọ̀wọ̀ fún láti ṣe alárinà, wọn yóò bẹ̀bẹ̀ fún àkókò tí ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ̀san, lẹ́yìn náà ni wọn yóò jókòó sọ ọ̀rọ̀ owó ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní díyà. Ṣùgbọ́n kí owó tó jáde, ọ̀rọ̀ ní láti jáde: àwa ni a ṣe é. Jíjẹ́wọ́ yẹn ló ń gbé ìtìjú kúrò lórí ìdílé olóògbé, nítorí pé ó fi hàn pé ẹni tí wọ́n pa jẹ́ ẹnì kan láwùjọ. Bí kò bá wáyé, gbèsè ni ikú náà jẹ́ lọ́rùn àwọn ọkùnrin ìdílé náà, a ó sì máa wò wọ́n bóyá wọn yóò san án.

Ètò àwọn ológun Amẹ́ríkà kò lè rin ọ̀nà yìí. Òfin kan tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1942 fàyè gbà wọ́n láti san owó fún àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè tí ọmọ ogun wọn bá ṣe ní jàǹbá, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ìjà sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ní ìjà ni ti alẹ́ ọjọ́ 28, kò sí ohun tí òfin náà lè ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n dá owó ìbánikẹ́dùn sílẹ̀ ní Ìráàkì, èyí tó lè tó 2,500 dọ́là fún ẹni tó kú. Ó wà nínú ìlànà owó náà pé kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi. Fún agbẹjọ́rò, ọgbọ́n ni gbólóhùn yẹn, nítorí ẹjọ́ ọ̀la. Fún bàbá tó sin ọmọ rẹ̀ ní Fallujah, ohun tí wọ́n yọ kúrò yẹn gan-an ló ń retí. Owó dé, ọ̀rọ̀ kò dé. Bí a bá sì gba irú owó bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀, ó lè dà bí ẹni pé a ta òkú. N kò gbà pé ahun tàbí ìkà ni àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ogun wọn ni kò mọ bí a ṣe ń sọ pé òun ṣẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn ará Fallujah, ẹni tó jẹ́wọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn ìjà.

Ohun mìíràn tó dí ọ̀nà náà ni pé àwọn tó yẹ kí wọ́n rìn ín kì í pẹ́ nílùú. Ìgbà tí oṣù Kẹfà dé, ẹ̀ka ẹgbẹ́ kejìlélọ́gọ́rin ti lọ, ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn ti gba ipò wọn, òmíràn sì tún ti gba ipò ti ìyẹn. Kí ọdún náà tó parí, ẹgbẹ́ kejìlélọ́gọ́rin tún padà dé pẹ̀lú àwọn ọ̀gágun mìíràn. Ìgbàkígbà tí ìmáàmù àti ọ̀gágun kan bá ti jókòó pọ̀ débi tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí mọ ara wọn, ọ̀gágun náà á lọ. Ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á bá ìwé ìròyìn nílẹ̀ nípa ìlú náà, kò ní bá ojúlùmọ̀. Àwọn ìdílé tó sin òkú ní tiwọn kò kúrò níbẹ̀. Wọn kò sì ya ẹgbẹ́ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Bí ìdílé kan ṣe máa ń jẹ gbèsè ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ka gbogbo Amẹ́ríkà sí ìdílé kan. Ọ̀gágun tuntun tó ní òun kọ́ ló wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí òtítọ́ náà wúlò fún.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn lu àwọn ọlọ́pàá Ìráàkì tí wọ́n ń lé ọkọ̀ kan ní òru lẹ́bàá ilé-ìwòsàn tí orílẹ̀-èdè Jọ́dánì dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́jọ kú. Àwọn wọ̀nyí ni ará ìlú tó ti gbà láti bá Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Àwọn ológun sọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nílẹ̀ kí èyí tó dé.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gba agbègbè náà ní oṣù Kẹta ọdún 2004, ọ̀gágun wọn, James Mattis, ti ka ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa fi ẹsẹ̀ rìn láàárín ìlú, kí àwọn kan lára wọn kọ́ èdè Lárúbáwá díẹ̀, kódà kí wọ́n dá irùngbọ̀n ètè sí, nítorí pé ọkùnrin Ìráàkì kì í sábà wà láìní i. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n náà kò ṣe pàtàkì. Èmi rò pé ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan láàárín àwọn aláṣẹ wọn bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ láti inú ìbéèrè pé kí ni àwọn ará ìlú yóò rí nígbà tí wọ́n bá wò wá.

Kò rí àyè ṣe é. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, àwọn kan dá ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Blackwater, iléeṣẹ́ aláàbò kan tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, lọ́nà nínú ìlú, wọ́n pa mẹ́rin, wọ́n sì so òkú àwọn kan kọ́ sórí afárá. Ìwà ẹ̀gbin ni, àwòrán rẹ̀ sì dé gbogbo ayé. Àwọn ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n wá àwọn tó ṣe é rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Mattis, ọ̀gágun James Conway, sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tó ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀, pé èrò àwọn ni pé kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ná, kí ìkọlù àwọn má bàa jọ ẹ̀san. Ó ti mọ̀ nígbà náà bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀san ní ìlú yẹn, àti ẹni tí yóò kan láti san án lẹ́yìn èyí. Àṣẹ tó ti òkè wá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìkọlù náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2004.